Ilẹ̀ Gáráàjì: Kí Ló Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Yẹn Ná?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gáráàjì ló gba gbogbo àpótí lẹ́tà wa, mi ò mọ ohun tó fà á, àfi bíi pé gbogbo yín lẹ jọ ra ọ̀dà lọ́jọ́ kan náà. Mo ti pa àwọn tó jọra pọ̀, mo sì ti gé àwọn tó gùn jù kúrú. Ẹni tó kọ ojú ìwé mẹ́rin nípa ìjà òun àti bíríkìlà rẹ̀, mo kà á tán o, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n apá tó kan ilẹ̀ nìkan ni mo lè bá yín dá sí, ìjà yẹn kọjá agbára mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo kun ilẹ̀ gáráàjì mi ní ọ̀dà epoxy, ó ń dán gbinrin, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wá wò ó. Ní báyìí, ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń dúró sí ti ń ṣí, tí mo bá gbé mọ́tò jáde láàárọ̀ ọ̀dà á lẹ̀ mọ́ táyà á bá mi lọ. Àwọn ibi tó kù ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ta ọ̀dà fún mi ní kí n kun òmíràn lé e lórí. Ṣé kí n kùn ún? (Ọlọ́dà Tó Ń Bó)

ÈSÌ: Ẹ má kùn ún o. Tẹ́ ẹ bá kun tuntun lé èyí tí ò di ilẹ̀ mú, àwọn méjèèjì ni wọ́n á jọ ṣí, ẹ ó kàn ti náwó lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti títì dé máa ń gbóná, ẹ gbọ́wọ́ lé e lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ ó rí i. Ooru yẹn á mú ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, tí táyà bá wá ń tutù, rọ́bà á máa sún kì, á sì máa fa ọ̀dà tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá di pé táyà ń fà lókè, kọnkéré ń fà nísàlẹ̀, ọ̀dà sì wà láàárín wọn. Tí ọ̀dà bá ti di kọnkéré mú dáadáa, táyà ló máa jọ̀wọ́. Tí kò bá dì í mú, ẹ ti mọ ẹni tó máa borí. Nítorí náà ẹ má bínú sí táyà, ibi tí kò dúró sí náà ò lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó fà á ni.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ mú èérún ọ̀dà tó ṣí yẹn, ẹ yí i dé, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Èmi náà ti jẹ ìyà yìí rí, nínú gáráàjì tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kùn ún, kò sẹ́ni tí mo lè rí bá jà. Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé etí rẹ̀ sókè, ó kàn ń tẹ̀ lé ọ̀bẹ bọ̀ ni fàlàlà bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Mo yí i dé, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, eruku sìmẹ́ńtì ló lẹ̀ mọ́ ọn kúnnákúnná bí àtíkè ojú ọmọ. Ìgbà yẹn lójú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọ̀dà yẹn ṣe iṣẹ́ tiẹ̀, ó di eruku mú gírígírí, eruku ni kò di kọnkéré mú. Èmi tí mo fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí mo ní ó ti mọ́!

Tó bá jẹ́ pé funfun bíi tèmi lẹ rí, a jẹ́ pé ojú kọnkéré ò lágbára, wọn ò lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kùn ún. Tó bá dúdú tàbí tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ti mu ibẹ̀ kí ọ̀dà tó dé. Tó bá tutù, tàbí ẹ rí nǹkan funfun tó dà bí iyọ̀ wẹ́wẹ́ nílẹ̀, omi ló ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, èyí ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí kò sí ọ̀dà lásán tí omi ò lè tì kúrò láti abẹ́ tó bá ti ráyè. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá omi wà lábẹ́ ilẹ̀ ò le. Ẹ gé ọ̀rá tó nípọn, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lóròó àti níbùú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí oòrùn ò ti ní pa á, kẹ́ ẹ fi téèpù dí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátápátá kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán, ọjọ́ kan gbáko ni èmi máa ń fi í sí. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ rí ìrì lábẹ́ ọ̀rá, tàbí tí ojú kọnkéré dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ má tíì kun nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, ó lè jẹ́ pé omi òrùlé ń dà sí ẹ̀bá ògiri ni, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ìta ga ju ti inú lọ. Tó bá sì jẹ́ pé wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ kọnkéré nígbà tí wọ́n ń dà á, ẹ̀yà epoxy kan wà tí wọ́n ṣe ní pàtàkì láti dá ọ̀rinrin dúró, òun lẹ máa kọ́kọ́ kùn, èyí tó ń dán á wá tẹ̀ lé e.

Tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó kù kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ yá ẹ̀rọ tó ń lọ ilẹ̀, èyí tó ní eyín dáyámọ́ńdì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa eruku mọ́ra, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo imú, eruku kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í ṣe eré. Àwọn kan máa ń fi ásíìdì fọ̀ ọ́ dípò lílọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọnkéré tó mọ́ o, ṣùgbọ́n kì í kó ọ̀dà àtijọ́ tàbí ọ́ìlì kúrò, ẹ̀yin tí ọ̀dà ti wà nílẹ̀ yín, kò wúlò fún yín. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lò ó, omi ló ń kọ́kọ́ wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó rọra da ásíìdì sí i, ẹ má ṣe da omi lé ásíìdì lórí láéláé, ẹ má sì jẹ́ kó fojú kan bílíìsì, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn.

Ẹ ó mọ̀ pé ilẹ̀ ti tó kùn tẹ́ ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ rá a tó rí bíi sáńpépà. Ẹ wá kán omi sí i káàkiri. Bí omi bá wọlẹ̀ láìpẹ́, ó ti ṣe tán. Bó bá dúró róbótó lórí ilẹ̀ tó ń wò yín lójú, ọ́ìlì tàbí síílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ojú kọnkéré) ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tẹ́ ẹ máa rà wàyí. Epoxy tí wọ́n fi omi pò máa ń fẹ́lẹ́ tó bá gbẹ, torí omi inú rẹ̀ á fẹ́ lọ, ìdá tó kù nílẹ̀ ò pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ 100% solids sí lára, gbogbo ohun tẹ́ ẹ dà sílẹ̀ ló máa dúró síbẹ̀, ó nípọn jùyẹn lọ dáadáa, òun ni mo fara mọ́ fún ibi tí mọ́tò ń wọ̀. Àmọ́ ó máa ń kánjú o. Tẹ́ ẹ bá ti po hádìnà, èkejì rẹ̀ tó ń mú un le, mọ́ ọn, ó ti ń gbóná nìyẹn, bó bá sì ṣe pọ̀ tó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ooru rẹ̀ á ṣe máa ká mọ́ra wọn, mo ti rí èyí tó ń rú èéfín tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń yọ́, ẹni tó pò ó ń dáhùn fóònù níta. Ẹ dà á sílẹ̀ ní ìlà ìlà kété tẹ́ ẹ bá ti pò ó tán, tó bá ti tẹ́ nílẹ̀ ooru á jáde, ẹ ó ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ wọ́n yanrìn tó kúnná sí i kó má baà máa yọ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò wọlé, ọjọ́ mẹ́ta sí méje ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè, ohun tí wọ́n kọ sí ara agolo lẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé ojú yín, torí á ti gbẹ lójú kó tó le nínú.

Ẹ ò bi mí ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: bí oòrùn bá ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà, epoxy á pọ́n níbẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó. Ohun tí wọ́n ń pè ní polyaspartic ni wọ́n máa ń kùn lé e, oòrùn kì í rí i gbé ṣe. Wákàtí díẹ̀ ló fi ń gbẹ, ìyẹn ló dáa níbẹ̀, ìyẹn náà ló sì burú, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá kó gbé e fún oníṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè sà. Táìlì tí a fi tẹ́ pálọ̀ ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ, ọkọ mi ní ká fi tẹ́ gáráàjì, pé kí ló dé tá ó jẹ́ kó ṣòfò. Ó ń dán bíi dígí. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ẹ bá wa dá a. (Ìyá Ilé)

ÈSÌ: Ọkàn yín ló tọ̀nà, màámi, àmọ́ ẹ má sọ fún bàbá pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ yín á máa rò ó pé ìwúwo mọ́tò ni mò ń bẹ̀rù. Òun kọ́. Mọ́tò tó wúwo tó kílò 1,500, táyà kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi kílò 375, rọ́bà tó sì ní afẹ́fẹ́ nínú ló ń gbé e kalẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í gún ilẹ̀. Jáàkì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ irin jáàkì kéré, ó sì le, gbogbo ẹrù igun mọ́tò yẹn á bọ́ sórí ibi tí ò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Tí abẹ́ táìlì yẹn bá ṣófo níbẹ̀, kéú! Ó ti là.

Ó sì máa ń ṣófo, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ́ táìlì, ojú márùn-ún ni wọ́n máa ń gbé sìmẹ́ńtì lé, igun mẹ́rin àti àárín, wọ́n á wá fi táìlì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú pálọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ẹ mú owó ẹyọ báyìí, ẹ máa fi kan táìlì pálọ̀ yín kiri, ibi tó bá ń dún kókó ti kún, ibi tó bá ń dún kòròfo, ẹ ti gbọ́ ọ. Nínú gáráàjì, gbogbo ẹ̀yìn táìlì ló gbọ́dọ̀ jẹ gọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi irin tó ní eyín fà á sílẹ̀, kí wọ́n tún fi pa ẹ̀yìn táìlì gan-an.

Ti pé ó ń dán bíi dígí, ẹ fojú inú wò ó pé òjò ń rọ̀, omi ń kán lára mọ́tò, ọ́ìlì díẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ gbé ẹrù dání, ẹ sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí táìlì bá wù yín dandan, ẹ wá táìlì tí wọ́n ń pè ní porcelain, èyí tí ojú rẹ̀ ò dán tí kì í yọ̀. Porcelain gidi kì í mu omi ju ìdá 0.5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lọ, ọ́ìlì náà ò sì ní rọrùn fún láti wọ inú rẹ̀. Èyí tó nípọn tó mílímítà 20 wà tí wọ́n ń ṣe fún ìta, ṣùgbọ́n mo ti rí tín-ín-rín tó pẹ́ lórí ilẹ̀ tó dáa, mo sì ti rí nínípọn tó fọ́ lórí ilẹ̀ tí ò dáa. Níbi tí wọ́n bá sì ti la kọnkéré sí méjì kó lè ráyè sún, kí ìlà yẹn gba àárín táìlì méjì gòkè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ́ táìlì dí i. Ti pálọ̀ tó ṣẹ́ kù yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ kan lọ́jọ́ iwájú ọ̀kan á fọ́ ní pálọ̀, ẹ ò ní rí irú rẹ̀ rà mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí gáráàjì? Ilẹ̀ máa ń tutù lẹ́sẹ̀. (Ẹlẹ́sẹ̀ Tútù)

ÈSÌ: Rárá. Ọ́ìlì, pẹtiróò, iná. Ẹ wọ bàtà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ń kọ́ gáráàjì tuntun, a ò tíì da ilẹ̀. Bíríkìlà ní ìnṣì mẹ́ta ti tó, pé mọ́tò kékeré ni mo ní. Ó tún ní òun á wọ́n sìmẹ́ńtì gbígbẹ sójú rẹ̀ kó lè le kó sì dán. Kí ni kí n sọ fún un? (Ọmọ Kíkọ́lé)

ÈSÌ: Mo fẹ́ràn lẹ́tà yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ torí ẹ tètè bèèrè. Ilé tá a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ẹ̀yin ṣì lè fi omi mọ tiyín.

Ìnṣì mẹ́rin ni kẹ́ ẹ sọ fún un, tó bá jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń wọ̀ ọ́ ẹ jẹ́ kó di mẹ́fà. Mọ́tò kékeré lẹ ní lónìí, ẹ ò mọ ẹni tó máa yá gáráàjì yín lò lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ìnṣì mẹ́rin lórí ilẹ̀ tí wọn ò gún ò sàn ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n kó ilẹ̀ rírọ̀ kúrò, kí wọ́n da òkúta sí i, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gún un ní ìpele ìpele títí tí ẹsẹ̀ ò fi ní rì mọ́ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri sí tí wọ́n wá kó iyẹ̀pẹ̀ padà, ẹ̀bá ògiri gan-an nìyẹn, ẹ dúró tì wọ́n kí wọ́n gún un lójú yín. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ń rì sí jù, tí kọnkéré á wá dá lórí òfuurufú, ó di ọjọ́ tí táyà bá gun ibẹ̀.

Ọ̀rá tó nípọn ló kàn, kó gorí ara wọn dáadáa níbi tí ọ̀kan ti pàdé èkejì, kó sì gun ògiri díẹ̀. Ẹ rántí Ọlọ́dà Tó Ń Bó lókè yẹn? Ọ̀rá tí ẹnì kan gbójú fò ló lè fa gbogbo wàhálà bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì lè tẹ́ ẹ mọ́ tí kọnkéré bá ti gbẹ. Lórí ọ̀rá ni wáyà irin á wà, kí wọ́n fi òkúta kéékèèké gbé e sókè kó wà nínú kọnkéré gan-an. Tó bá sùn sílẹ̀ lórí ọ̀rá kò wúlò fún nǹkan kan, ẹni tó bá ní òun á máa fà á sókè bí wọ́n bá ti ń dà á, ẹ ní kó jọ̀ọ́.

Ẹ sọ fún wọn kí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, bíi ìnṣì 2 nínú ẹsẹ̀ bàtà 16. Omi á jáde, ohun kan tún wà tí wọn kì í sábàá sọ, gáàsì tó ń ti ara pẹtiróò jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn bí omi, tó bá rí kòtò ó máa ń dúró síbẹ̀. Torí náà ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn sí ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé, ẹ má sì gbé nǹkan tó ń ṣaná sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Sìmẹ́ńtì gbígbẹ tó fẹ́ wọ́n yẹn, rárá o. Tí wọ́n bá da kọnkéré tán, omi á máa yọ sí i lójú fún ìgbà díẹ̀. Suúrù ló gbà. Ẹni tí ò ní sùúrù á wọ́n sìmẹ́ńtì kó lè mu omi yẹn, á wá fi irin fà á, ó máa dán o, ó máa dùn-ún wò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n awọ lásán ló fi bò ó, tó bá yá á máa ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ẹni tó sì fi irin fa omi yẹn padà wọlé láìwọ́n nǹkan kan, tiẹ̀ á máa yọ eruku. Ẹ jẹ́ kí omi kúrò lójú rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bákan náà, tí kọnkéré bá ń le lójú wọn láti pò, wọ́n á fẹ́ da omi sí i kó lè ṣàn. Ọwọ́ wọn á sinmi lóòótọ́, ilẹ̀ yín ló máa jìyà rẹ̀.

Kí wọ́n gé ìlà sí i láàárín wákàtí 24, ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 12 síra wọn, kí ìlà náà jìn tó ìnṣì 1 tó bá jẹ́ ìnṣì 4 lẹ dà. Kọnkéré á sán dandan bó bá ń gbẹ, ìlà yẹn lẹ fi ń sọ ibi tó máa gbà fún un. Lẹ́yìn náà, omi, omi, omi, ọjọ́ méje, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bò ó kó má gbẹ lójijì. Gbígbẹ kọ́ ni líle. Tẹ́ ẹ bá sì ní epoxy lọ́kàn, ó di ọjọ́ 28 ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì ṣe ìdánwò ọ̀rá yẹn kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ: Ilẹ̀ gáráàjì bàbá mi ti lé lógún ọdún, kọnkéré lásán ni. Lójoojúmọ́ là ń gbá eruku, ọ̀la á tún wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ nǹkan tó ń dán, mi ò sì fẹ́ nǹkan tó máa bó. Ó tún sán níbì kan. (Ọmọ Bàbá)

ÈSÌ: Eruku yẹn, ìta kọ́ ló ti ń wá o, ilẹ̀ náà ló ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ lẹ̀ ń gbá dànù láti ọjọ́ yìí.

Ẹ bèèrè densifier. Omi lásán ni lójú, sodium silicate tàbí lithium silicate ló wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dà á sí kọnkéré tó mọ́, á wọ inú rẹ̀ lọ, á pàdé láìmù tó ṣẹ́ kù nínú sìmẹ́ńtì, àwọn méjèèjì á wá di nǹkan líle tó ń dí àwọn ihò kéékèèké. Kò ní awọ lórí, nítorí náà kò sí ohun tó máa bó. Mo fara mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ èèyàn ju epoxy lọ, kì í kàn ṣe ohun tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ ni. Àmọ́ tí ọ́ìlì bá pẹ́ lórí rẹ̀, àbàwọ́n rẹ̀ á ṣì hàn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọ́ìlì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, ẹ má fi àkísà nù ún, ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i ni, ẹ da ìyẹ̀fun pákó tàbí yanrìn gbígbẹ lé e, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ gbá a, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná họ ibẹ̀.

Ti ibi tó sán, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ fa ìlà kékeré sí ìdí ibi tó parí sí, ẹ kọ déètì síbẹ̀. Tó bá di oṣù mẹ́ta tí kò kọjá ìlà yẹn, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì tẹ́jú sí ara wọn, ẹ dí i kẹ́ ẹ máa lọ. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ tí ìka yín kọ́ ọ, ilẹ̀ ń rì nìyẹn, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n wá wò ó, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá tẹ́ lé e lórí á kàn máa tẹ̀ lé e lọ ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń tún mọ́tò mi ṣe fúnra mi ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan ní kí n tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì, ẹlòmíì ní rọ́bà, ẹlòmíì ní àwọn páálí ike tó ń há mọ́ ara wọn. Orí mi ti dà rú. (Mẹkáníìkì Sátidé)

ÈSÌ: Ìńtálọ́ọ̀kì dáa fún ibi tí mọ́tò kàn ń dúró sí. Mílímítà 60 tó fún mọ́tò ilé, 80 fún èyí tó wúwo, kí etí rẹ̀ ní ohun tó dì í mú kó má baà máa ṣí síta. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i, kọnkéré ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, nọ́ọ̀tì á bọ́ sáàárín rẹ̀, pákó oníkẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ ń sùn lé ò ní yí, èèrà á sì máa gbé yanrìn gòkè wá bá yín láti ìsàlẹ̀. Ó tún léwu kí ẹsẹ̀ jáàkì rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Rọ́bà dùn lórúnkún gan-an, ẹ̀yìn náà á dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì àti pẹtiróò máa ń jẹ rọ́bà, á wú, á sì máa rọ̀. Ẹ rà á ní kékeré, kẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹ síbi tẹ́ ẹ ń dúró sí níwájú tábìlì iṣẹ́.

Páálí ike yẹn ni mo máa fi tì yín lẹ́yìn, lórí kọnkéré tó tẹ́jú. Kò gba gọ́ọ̀mù, wákàtí díẹ̀ lẹ máa fi tẹ́ ẹ tán, tẹ́ ẹ bá kó kúrò nílé ẹ ká a dání. Àléébù rẹ̀ kan ni pé nǹkan kan wà nínú táyà tó ń mú kí ike PVC pọ́n rúsúrúsú níbi tí táyà ń dúró sí, fífọ̀ kì í mú un kúrò, torí náà ẹ ra dúdú, tàbí kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n fi ike polypropylene ṣe. Omi á máa wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó gbẹ. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá sì tẹ́, ẹ wá pílíwúùdù kan tó nípọn, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó àti níbùú, kó máa gbé ẹ̀bá ògiri, abẹ́ jáàkì ni ipò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé jáàkì sílẹ̀ láìsí i, ọrùn yín ni o.

ÌBÉÈRÈ: Omi bátìrì dà sílẹ̀ lánàá, ó ń hó. Mo ti fi omi ṣàn án. Ṣé ó tán? (Ó Ń Hó)

ÈSÌ: Kò tíì tán. Láìmù inú sìmẹ́ńtì ni ásíìdì yẹn ń jẹ tó fi ń hó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ fi nǹkan bo ojú, ẹ da baking soda sí i, ẹ máa dà á títí tí kò fi ní hó mọ́, kẹ́ ẹ tó ṣàn án nù. Tí ojú ibẹ̀ bá ti rí gbágungbàgun tí òkúta rẹ̀ hàn, ẹ họ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ rẹ́ ẹ. Bátìrì yẹn, ẹ gbé e sínú abọ́ ike.